Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbà Òtútù ní Ilẹ̀ Fínlándì

Bí ọyẹ́ bá mú ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí kì í mọ̀ ọ́n lára. Ètè a máa la, awọ ara a máa funfun bí ẹni tí a fi eérú pa lára, àwọn ọmọdé a sì máa jókòó yí iná ká ní kùtùkùtù kí wọ́n tó lè fi ọwọ́ kan omi. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ rí àwáwí: òtútù ń mú un, kò lè dìde lórí ẹní. Síbẹ̀, bí a bá fi òtútù ọyẹ́ wé òtútù tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Fínlándì ń bá pàdé lọ́dọọdún, eré ọmọdé ni. Ọyẹ́ kì í mú kí omi inú ìkòkò dì. Ṣùgbọ́n ní Fínlándì, odò àti adágún ni ó ń dì gbagidi, tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí wọn. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ilé-ẹ̀kọ́ kì í ti ilẹ̀kùn. Bí àwọn ọmọ náà ti ń lo ọjọ́ wọn nínú òtútù, àti ohun tí àwọn àgbà ń ṣe kí ẹ̀kọ́ ọmọ má baà bàjẹ́, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ níbikíbi mọ̀.

Fínlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ní ìhà àríwá Yúróòpù. Rọ́ṣíà wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Swídìn wà ní ìwọ̀-oòrùn, Nọ́wè sì wà ní òkè pátápátá. Ọjọ́ 6 oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1917 ni ó gba òmìnira kúrò lábẹ́ Rọ́ṣíà. Ilẹ̀ náà tóbi, ṣùgbọ́n ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀. Díẹ̀ ni wọ́n fi ju mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Igbó ni ó gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn adágún rẹ̀, ńlá àti kékeré, sì tó 188,000.

Ohun tí ó fa òtútù ilẹ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ayé kò dúró ṣánṣán bí ó ti ń yí oòrùn po. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí apá àríwá ayé bá tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ tí ń dé ibẹ̀ a dínkù, a sì máa gba ẹ̀gbẹ́ wá, kò ní agbára láti mú ilẹ̀ gbóná. Bí ènìyàn bá ti ń lọ sí àríwá sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán ń kúrú sí i. Ní Helsinki, tí í ṣe olú-ìlú, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Disẹ́ḿbà, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ a ti kọjá kí oòrùn tó yọ. Díẹ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán, ó ti wọ̀. Gbogbo ìgbà tí oòrùn fi wà lójú ọ̀run kò pé wákàtí mẹ́fà. Ní Utsjoki, ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ náà, oòrùn kì í yọ rárá fún nǹkan bí ọjọ́ 50, láti ìparí oṣù Nòfẹ́ḿbà títí di àárín oṣù Jánúárì; kìkì ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó máa ń hàn ní ọ̀sán gangan. Òjò kì í rọ̀ bí omi mọ́. Òjò dídì ni ó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ó funfun bí òwú, a sì bo ilé, igi àti ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n òdo ni omi ti ń dì. Ṣùgbọ́n ní ìhà àríwá Fínlándì, òtútù a máa lọ sí ìwọ̀n 30 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ní ọjọ́ 28 oṣù Jánúárì ọdún 1999, ní Pokka ní agbègbè Kittilä, ó dé ìwọ̀n 51.5 ní ìsàlẹ̀ òdo. Kò sí ọjọ́ tí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà.

Inú irú òkùnkùn àti òtútù yìí ni ọmọ kékeré ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún tí ọmọ yóò pé ọmọ ọdún méje ni ó ń wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Oṣù Ògọ́ọ̀sì ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ilẹ̀ ṣì ń móoru. Nítorí náà, kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀ sí bọ́, ọmọ a ti mọ ọ̀nà, a ti mọ olùkọ́ rẹ̀, a sì ti ní ọ̀rẹ́ tí wọn yóò jọ máa lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ ń ṣe ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù ni ìmúra, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kò wọ aṣọ kan ṣoṣo tí ó nípọn, bí kò ṣe aṣọ lórí aṣọ. Èyí tí ó kan ara a máa fẹ́lẹ́, a sì máa fa òógùn. A ó wọ súwẹ́tà tí a fi irun àgùntàn hun lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí afẹ́fẹ́ àti omi kò lè gbà kọjá. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín aṣọ kan sí èkejì ni ó ń pa ooru ara mọ́. Fìlà yóò bo etí, ìbọ̀wọ́ yóò bo ọwọ́, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn yóò wà nínú bàtà tí kò fún ẹsẹ̀ mọ́, nítorí bàtà tí ó bá fún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọmọ-ìka. Àwọn ará ìhà ibẹ̀ a máa sọ pé kò sí ojú-ọjọ́ tí ó burú, aṣọ tí kò bá ojú-ọjọ́ mu ni ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà lẹ́nu wọn. Ẹ̀kọ́ tí ìyá ń kọ́ ọmọ ni, olùkọ́ a sì máa tún un kọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àní nínú òjò dídì. Níwọ̀n bí ilẹ̀ ti ṣókùnkùn ní àkókò tí wọ́n ń lọ, àti nígbà mìíràn ní àkókò tí wọ́n ń bọ̀, ewu ńlá ni mọ́tò jẹ́ fún wọn. Nítorí èyí ni ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń so àmì pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀wù tàbí àpò ìwé rẹ̀. Àmì náà kò ní iná nínú, ṣùgbọ́n bí iná mọ́tò bá kàn án, a kọ mànà, awakọ̀ a sì rí ọmọ láti òkèèrè. Arvi Lehti, ará Fínlándì kan tí ó ń fi ike ṣe nǹkan, ni ó pilẹ̀ àmì yìí. Kí ó tó di ohun tí ènìyàn ń so mọ́ ara, ara kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lò ó. Lóde òní, òfin ìrìnnà ilẹ̀ náà sọ pé kí ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà nínú òkùnkùn máa lò ó, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe àgbà.

Ti àwọn tí ilé wọn jìnnà kò ṣòro. Bí ọ̀nà láti ilé ọmọ dé ilé-ẹ̀kọ́ bá ju kìlómítà márùn-ún lọ, tàbí bí ọ̀nà náà bá le jù tàbí tí ó léwu jù fún un, ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò ṣètò ọkọ̀ tí yóò máa gbé e, láìgba owó lọ́wọ́ òbí. Nínú àwọn abúlé inú igbó, takisí lè lọ gbé ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ní ilé wọn ní òwúrọ̀, kí ó sì dá wọn padà ní ọ̀sán. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 20, ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé ni ó ń de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń yọ̀ lórí òjò dídì la inú igbó kọjá kí wọ́n tó dé kíláàsì. Sikí ni orúkọ pátákó náà.

Bí àwọn ọmọ bá dé, wọn kì í sáré wọ kíláàsì lẹ́sẹ̀ kan náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà, nítorí òjò dídì tí ó lẹ̀ mọ́ ọn yóò yọ́, yóò sì sọ ilẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀. Wọn a gbé ẹ̀wù kọ́, wọn a to bàtà, wọn a sì wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán. Wọn kì í wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà bí ti àwọn ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Inú ilé móoru, nítorí ògiri àti fèrèsé nípọn, ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná kì í sì í kú tọ̀sán-tòru. Ọmọ ọdún méje a kọ́ bí a ti ń mójú tó ẹrù ara rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá sọ ìbọ̀wọ́ kan nù yóò mọ̀ ọ́n lára kí ó tó délé.

Olùkọ́ kan ni ó ń kọ́ kíláàsì kan ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà, bí ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé olùkọ́ yí padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Olùkọ́ náà ti gba oyè kejì ní yunifásítì kí ó tó fi ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké kò pọ̀. Nǹkan bí 20 wákàtí ẹ̀kọ́ ni ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú 45 ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ìsinmi ìṣẹ́jú 15, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń so ẹ̀kọ́ méjì pọ̀.

Ohun tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ìta ni àwọn ọmọ ń lọ ní àkókò ìsinmi náà. A ó tún wọ ẹ̀wù, a ó tún wọ bàtà, fìlà àti ìbọ̀wọ́, wọn yóò sì tú jáde bí oyin. Wọn a mọ ilé àti ère pẹ̀lú òjò dídì, wọn a yọ̀ láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀, wọn a sì máa lé ara wọn kiri. Kìkì nígbà tí òtútù bá le ju bí ó ti yẹ lọ, ní nǹkan bí ìwọ̀n 15 tàbí 20 ní ìsàlẹ̀ òdo gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ti pinnu, ni a ń jẹ́ kí wọ́n dúró sínú ilé. Ìgbàgbọ́ àwọn olùkọ́ ni pé ọmọ tí ó bá sáré tí ó sì fa afẹ́fẹ́ tútù sínú yóò lè fi ọkàn balẹ̀ sórí ẹ̀kọ́ tí ó kàn. Orí tí ó rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀.

Ìgbà òtútù tún mú eré ìdárayá tirẹ̀ wá. Bí òtútù bá ti le dáadáa, wọn a fọ́n omi sí orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti àdúgbò ní ìpele-ìpele, a sì dì di ilẹ̀ dídán bí dígí. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń fi bàtà onírin yọ̀. Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní a ṣubú, a dìde, a tún ṣubú; àwọn kan a di àga mú kí wọ́n má baà ṣubú. Kí oṣù Máàṣì tó dé, ọmọ tí kò lè dúró ní oṣù Disẹ́ḿbà ti ń yọ̀ kiri bí ẹja. Bákan náà ni wọ́n ń kọ́ sikí, ilé-ẹ̀kọ́ a sì máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí gbogbo kíláàsì yóò jáde lọ sínú igbó tàbí orí òkè láti ṣeré. Àṣeyọrí ni gbogbo èyí jẹ́ fún ọmọ, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé èsì.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí ó ju eré lọ, nítorí ẹ̀mí ni ó so mọ́. Adágún tí ó dì a máa tan ọmọdé jẹ. Ó lè dàbí ilẹ̀ líle, kí omi dídì orí rẹ̀ má sì nípọn. Nítorí náà, a ń kọ́ àwọn ọmọ pé omi dídì tí ó mọ́ gaara, tí ó sì le, gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó kéré tán kí ènìyàn kan tó rìn lórí rẹ̀. Pé ibi tí odò ti ń ṣàn, abẹ́ afárá, àti ẹ̀bá koríko odò kì í dì bí ibi yòókù. Àti pé nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi dídì a máa rọ̀ bí ó tilẹ̀ nípọn. Ẹni tí ó bá ń lọ sórí adágún a máa so irin ṣóńṣó méjì mọ́ ọrùn. Bí ó bá já sínú omi, àwọn ni yóò fi gún omi dídì tí yóò fi fa ara rẹ̀ jáde.

Ìlúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé èyí. Ní ilẹ̀ tí adágún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a kò lè fi ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wù. Nínú ilé ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ, àní nígbà tí òjò dídì ń bọ́ lóde. Ìwọ̀n tí Fínlándì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi ń mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni pé, bí ó bá ṣubú sínú omi jíjìn, kí ó lè jáde sójú omi, kí ó sì wẹ̀ ní 200 mítà, kí 50 mítà nínú rẹ̀ sì jẹ́ lórí ẹ̀yìn. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí kò gba ife-ẹ̀yẹ. Ohun tí ó gbà ni ààbò ẹ̀mí ara rẹ̀, bóyá ti ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ohun tí Fínlándì kọ́kọ́ lé kúrò nínú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1943, nígbà tí ilẹ̀ náà wà lójú ogun, tí oúnjẹ sì ṣọ̀wọ́n, ni àwọn aṣòfin rẹ̀ ṣe òfin pé kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ọdún márùn-ún ni a fi fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti múra sílẹ̀; láti ọdún 1948 ni ètò náà sì ti kárí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè náà tálákà. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó ń lọ já èso wẹ́wẹ́ nínú igbó, tí wọ́n sì ń ro ọgbà ewébẹ̀, kí ìkòkò ilé-ẹ̀kọ́ lè kún. Lóde òní, olówó àti tálákà jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan. Oúnjẹ gbígbóná ni: pọ̀tétò àti ẹja, ẹran lílọ̀ tí a ṣù, tàbí màkàróònì tí a sè pẹ̀lú ẹran, ewébẹ̀, búrẹ́dì àti wàrà a sì wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ tí a fi ẹ̀wà tútù yíyí kan sè ni ó sábà máa ń jẹ́ ti Ọjọ́bọ̀. Ọmọ ni yóò bu oúnjẹ ara rẹ̀, yóò kọ́ bí a ti ń bu ìwọ̀n tí ó lè jẹ tán, yóò sì gbé àwo rẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ ni oúnjẹ náà pẹ̀lú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó lè kan iṣẹ́ ọwọ́. Uno Cygnaeus, tí a bí ní ọdún 1810 tí ó sì kú ní ọdún 1888, ni a ń pè ní baba ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Fínlándì. Ní ọdún 1863 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Jyväskylä lábẹ́ àkóso rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ọwọ́ àti orí kò gbọdọ̀ ya ara wọn, òfin ọdún 1866 sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ẹ̀kọ́ tí kò gbọdọ̀ má sí. Títí di òní, ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń kọ́ bí a ti ń rán aṣọ, bí a ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, àti bí a ti ń fi ayùn àti òòlù ṣe nǹkan. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ìbọ̀wọ́, tí ó sì wọ̀ ọ́ jáde nínú òtútù, kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ wúlò.

Ayẹyẹ kò ṣàì sí láti tan ìmọ́lẹ̀ sínú òkùnkùn náà. Ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Disẹ́ḿbà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ a ṣe ìrántí òmìnira. Kí ìsinmi Kérésìmesì tó dé, àwọn ọmọ a kọrin, wọn a sì ṣe eré orí ìtàgé fún àwọn òbí wọn. Ní oṣù Fẹ́búárì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Máàṣì, ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan wà tí a ń pè ní ìsinmi sikí. Gbogbo ilẹ̀ náà kì í gbà á lẹ́ẹ̀kan náà: ti gúúsù a ṣíwájú, ti àárín a tẹ̀lé e, ti ìlà-oòrùn àti àríwá a sì kẹ́yìn.

Bí a bá wá béèrè ọ̀nà tí a fi ń mọ àṣeyọrí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìdáhùn rẹ̀ yóò jọ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà lójú. Kò sí ìdánwò àṣejáde tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣe ní kíláàsì kẹfà. A kì í sọ pé ọmọ kan ni ó gba ipò kìn-ín-ní, pé òmíràn ni ó gbẹ́yìn. Olùkọ́ ni ó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò jálẹ̀ ọdún. Láti kíláàsì kẹrin, máàkì láti 4 títí dé 10 ni a ń fún wọn; 10 ni ó ga jù, 4 sì ni ti ẹni tí kò yege. Ọmọ tí ó bá ń ṣẹ́yìn kì í dúró di ìgbà tí ó bá kùnà pátápátá kí a tó ràn án lọ́wọ́; olùkọ́ mìíràn a máa mú un sọ́tọ̀ fún wákàtí díẹ̀.

Èdè tí ọmọ gbọ́ ní ilé ni ó fi ń kọ́ ìwé kíkà. Àwọn tí ń sọ èdè Finni ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, àwọn tí ń sọ èdè Swídìn ní tiwọn, ní ìhà àríwá níbi tí àwọn Sámì ń gbé, a sì ń fi èdè Sámì kọ́ àwọn ọmọ tí ó gbọ́ ọ. Alẹ́ gígùn ìgbà òtútù sì dára fún ìwé kíkà. Ilé-ìkàwé àti ilé-ẹ̀kọ́ jọ ń ṣètò pé kí ọmọ mú ìwé mélòó kan nínú èyí tí a kọ sílẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀, kí ó kà wọ́n, kí ó sì sọ ohun tí ó rí nínú wọn. Bí ó bá parí rẹ̀, a ó fún un ní ìwé-ẹ̀rí ìkàwé. Ọmọ tí kò lè ka gbólóhùn kan ní oṣù Ògọ́ọ̀sì lè ti máa ka ìwé ìtàn nígbà tí òjò dídì bá ń yọ́.

Èso iṣẹ́ yìí hàn sí gbogbo ayé. Nínú ìdánwò tí a ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 15 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ọdún 2000, Fínlándì ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìwé kíkà, pẹ̀lú máàkì 546. Ní ọdún 2011, nínú ìdánwò ìwé kíkà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 40 lọ, àwọn ọmọ Fínlándì gba 568, Hong Kong nìkan ni ó sì ṣíwájú wọn, pẹ̀lú 571. Rọ́ṣíà bá wọn dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ohun rere kì í dúró láìsí olùtọ́jú. Ní ọdún 2016, máàkì àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin náà jẹ́ 566. Ní ọdún 2021, ó wá sọ̀kalẹ̀ sí 549. Ti àwọn ọmọ ọdún 15 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí 490 ni wọ́n gbà nínú ìwé kíkà ní ọdún 2022. Àwọn onímọ̀ ka ìdí púpọ̀ sílẹ̀: àwọn ọmọ tí ń ka ìwé nítorí adùn rẹ̀ ti dínkù, fóònù alágbèéká sì ti gba ọwọ́ tí ó yẹ kí ó di ìwé mú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2025, òfin ti ká lílo fóònù lọ́wọ́ kò ní àkókò ẹ̀kọ́. Bákan náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké ní abúlé ni a ti tì, nítorí ọmọ tí a ń bí kò pọ̀ mọ́. Níbi tí a bá ti ti ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, ìrìn àjò ọmọ nínú òkùnkùn òwúrọ̀ a gùn sí i, iná fèrèsé tí gbogbo abúlé ń rí láti òkèèrè a sì kú. Nítorí náà ni àwọn òbí fi máa ń jà kí a má ti èyí tí ó kù.

Láti inú gbogbo èyí, a lè rí i pé kì í ṣe pé àwọn ọmọ Fínlándì ní ọpọlọ ju àwọn ọmọ ibòmíràn lọ, kì í sì í ṣe òtútù ni ó sọ wọ́n di ọ̀mọ̀wé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tí ó wa takisí wọ inú igbó lọ gbé ọmọ méjì, ẹni tí ó se ọbẹ̀, ìyá tí ó so àmì dídán mọ́ ẹ̀wù, olùkọ́ tí ó jókòó ti ọmọ tí ń ṣẹ́yìn: gbogbo wọn ni ó ní ìpín nínú ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ gbé délé. Níbi tí ọ̀kan nínú ọwọ́ wọ̀nyí bá ti ká kúrò, ara ọmọ ni yóò ti kọ́kọ́ hàn.

Ojú-ọjọ́ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìnira tirẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbì kan, oòrùn ń mú níbì kan, ọyẹ́ ń fẹ́ níbì kan, omi sì ń dì níbòmíràn. Kò sí ẹni tí ó lè yí i padà. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn ni ìmúra sílẹ̀ dè é. Ilẹ̀ tí ó bá múra sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dé ilé-ẹ̀kọ́, bí ó ti wù kí òwúrọ̀ náà ṣókùnkùn tó.